Lékeléke Ló Ń Pàṣẹ Ìṣínu

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí, kì í sì í ṣe pé mo ti gbàgbé. Ìyàwó ni mí nínú ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyàwó kì í sì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Èyí tí kò ní eyín lẹ́nu mọ́, ọkọ mi ni. Èyí tí kò tíì hu eyín rárá tí ó ń tọ̀ sí mi lára, ọkọ mi ni, tí wọ́n bá ti bí i kí n tó fi ẹsẹ̀ wọlé. Bàbá ni mo ń pe bàbá ọkọ mi, Ìyá ni mo ń pe ìyá rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tí ó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, Akọ̀wé ni mo fún un lórúkọ. Lójú rẹ̀, “ẹ̀yin” ni mo máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Nínú ìwé yìí mo ti dàgbà, ẹnu mi sì ti rẹ̀ mí, “ó” ni màá máa pè é. Ọkọ mi alára kò sí nínú ìtàn náà púpọ̀, nítorí pé ó ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, a kì í sábà rí i nílé.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ẹyẹ láti inú ìyá wọn wá. Èmi kọ́. Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni ìyá ìyá mi ń gbé létí ọ̀sà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ ẹyẹ omi, olè ni mo sì mọ̀ wọ́n sí. Tí a bá sá ẹja, wọn á fi mí ti ẹja náà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹyẹ nígbà náà ni bí wọ́n ṣe ń sá tí òkò bá bà wọ́n.

Ẹ̀sìn náà kò ni mí lára púpọ̀. Nílé wa, bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi ń kírun, bàbá bàbá mi sì wà nínú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn nǹkan kan tí a kì í bi í léèrè. A ń jẹ ìrẹsì Kérésì, a ń jẹ ẹran Iléyá, tí Orò bá sì jáde, gbogbo àwa obìnrin, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, la jọ ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ààwẹ̀ nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa. Mo máa ń gbà á títí ebi á fi pa mí, ìyá mi á sì ní Ọlọ́run ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ ará Ẹ̀pẹ́, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìdílé ọkọ mi wà lára àwọn tí ogun lé kúrò ní Èkó láyé àwọn baba ńlá wọn. Tí ẹ bá gbọ́ bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́, ẹ óò rò pé àná ni wọ́n sọ̀ nínú ọkọ̀, tí ìkòkò ọbẹ̀ wọn ṣì wà lórí iná ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mùsùlùmí paraku ni wọ́n. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n kọ́ mi ní ìrun, wọ́n fi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì sọ fún mi pé ààwẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ilé wa àti ti àwọn aládùúgbò wa tò tẹ̀léra ní ìpẹ̀kun ìlú, létí omi. Odò kékeré kan ń wọ inú ọ̀sà níbẹ̀. Tí omi bá kún, á bá wa dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Tí ó bá fà, ẹrẹ̀ ló ń kù, pẹ̀lú akàn àti ẹyẹ tí ń jẹ akàn. Mọ́ṣáláṣí wà lókè lọ́hùn-ún. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà náà, ládánì wa sì ní ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ láti orí omi, a kì í gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, láti ayé bàbá tó bí Bàbá ni àwọn ará ẹsẹ̀ ilé wa ti ń wo lékeléke ṣínu.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn lékeléke tí wọ́n ti ń bá màlúù kiri láti òwúrọ̀ máa ń fò kọjá lórí omi ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń lọ sùn lórí àwọn igi inú ẹrẹ̀ ní òdìkejì odò. Wọn kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀wọ́ kan á lọ, òmíràn á tẹ̀lé e. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bá fi máa balẹ̀, tí gbogbo wọn á ti jà tán lórí ẹ̀ka, tí wọ́n á sì dákẹ́, oòrùn ti wọ̀ nìyẹn. Bàbá á ti jókòó sórí àga létí omi. Wọn á gbé ọwọ́ sókè, wọn á ní, “Bísímílà,” gbogbo ẹsẹ̀ ilé á sì gbé ife omi wọn. Bàbá ní ọmọ ènìyàn ni ládánì, ó lè ti mu ògì kó tó gòkè lọ pe ìrun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi àkàrà bẹ lékeléke.

Akọ̀wé kò fara mọ́ ọn. Ó ti ra aago ọwọ́ ní Èkó, kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kí ó máa wò ó lọ.

“Bàbá, ayé ti lajú o,” ó máa ń wí. “Aago ló wà lóde báyìí. Kí la tún ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹyẹ?”

“Ta ló ń yí aago yẹn?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ta ló ń yí lékeléke?”

Akọ̀wé á tún wo aago rẹ̀.

Èmi ni wọ́n yàn láti máa gbé àga Bàbá lọ sétí omi, pẹ̀lú kẹ́tùlù àti ife. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Bàbá jókòó, wọ́n kọjú sí ẹrẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Ìyàwó, wo bí wọ́n ṣe tò lọ rẹrẹ. Ẹ̀dá Ọlọ́run dára.”

Mo wo ẹrẹ̀. Èèkàn tí àwọn apẹja ń fi so àwọ̀n ló tò síbẹ̀. Kò sí ẹyẹ kan níbẹ̀.

“Bàbá, èèkàn ni.”

N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ wà tí ìyàwó kì í sọ. Bàbá tẹ́tí sí ẹ̀yìn wa bóyá ẹnì kan wà nítòsí. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá mo lè pa ẹnu mọ́. Mo ní mo lè pa á mọ́. Gbogbo Ìkòròdú ló mọ̀ pé n kò lè pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá kò mọ ẹnìkan ní Ìkòròdú tí wọn á bi.

Wọ́n wá sọ fún mi pé ojú àwọn ti ń lọ láti ọdún tó kọjá. Òjìji nìkan ni àwọn ń rí. Wọ́n ti fi ọkọ̀ kọlu èèkàn lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ wọn sì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àgbà ti dé. Lẹ́yìn àjẹ̀, wọ́n gba àwọ̀n. Ìṣínu yìí ni ohun kan ṣoṣo tó kù tí gbogbo ènìyàn ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá fún.

“Tí wọ́n bá gba èyí náà lọ́wọ́ mi,” Bàbá ní, “kí ni màá tún máa jí sí?”

Èmi tí mo máa ń fi ohun gbogbo ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo gbàgbé òùngbẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti di ojú Bàbá, mo sì ń bá wọn wo ẹyẹ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo ń fi ẹnu wẹ́lẹ́ ròyìn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn wa má baà gbọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ mo ti mọ àwọn ẹyẹ yẹn ju bí àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ ṣe mọ̀ wọ́n lọ, nítorí pé mo ń bínú sí wọn. Àkọ̀ kan máa ń dá dúró nínú omi, ó ká ọrùn rẹ̀ wọnú èjìká, bí ààfáà tó ń retí sàráà. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń jẹ kòkòrò lójú wa láìbìkítà pé a ń gbààwẹ̀. Àwọn lékeléke àkọ́kọ́ máa ń tètè dé, wọ́n á sì gba ẹ̀ka tó dára. Àwọn tó tẹ̀lé wọn á bá wọn jà. Ọ̀kan sì wà tí ó máa ń dá bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, tí ń fò ségesège, tí á tún yà bà sórí ẹrẹ̀ kó tó kọjá lọ sórí igi. Ọ̀mùtí ni mo ń pè é. Gbogbo àdúgbò ń dúró dè é pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ.

“Ẹyẹ yìí, ṣé o ò nílé ni?” mo sọ lọ́jọ́ kan, ó sì jáde lẹ́nu mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

“Má bú u,” Bàbá ní. “Bóyá ó ń kírun lọ́nà.”

Ó rọrùn láti purọ́. Ẹnu mi ló wà láàárín gbogbo ènìyàn àti oúnjẹ wọn, mo sì ń gbọ́ òórùn àkàrà tí Ìyá ń dín lẹ́yìn mi. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́, n kò purọ́ fún Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ kan rí. Ẹni tí wọ́n bá fi ojú rẹ̀ ṣe ojú ara wọn, ó yẹ kí ó bẹ̀rù ojú náà.

Ìgbà tí ààwẹ̀ ti fẹ́ dé ìdajì ni òjò ṣú láti orí ọ̀sà. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí atẹ́gùn ṣe dé báyìí, àwọn lékeléke dìde ní gbogbo ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ọ̀wọ́ papọ̀, Ọ̀mùtí wà láàárín wọn. Wọ́n bà sórí igi, wọ́n jà, wọ́n dákẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú débi pé àdán ti jáde.

“Bàbá, wọ́n ti wọlé.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn. Títí kan Ọ̀mùtí.”

Bàbá mi orí. “Ìyàwó, ara mi kò tíì sọ pé ó tó.”

“Bàbá, wọ́n ti sùn.”

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, “Bísímílà.”

Kò sí ẹni tó bèèrè nǹkan kan. Láti ilé àkọ́kọ́ títí dé ilé tó kẹ́yìn, wọ́n mu omi, wọ́n mu ògì, wọ́n ki ọwọ́ bọ àkàrà. Èmi náà jẹ tèmi, ó sì dùn. Òjò náà kò rọ̀. Atẹ́gùn ya ìkùukùu ọ̀hún sí méjì, oòrùn sì yọ gbàràgàdà ní apá Ìkòròdú, níbi tí àwọn ènìyàn mi wà, bí ẹni pé àwa la rán an. Ìgbà yẹn gan-an ni Akọ̀wé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, tí oòrùn ń tàn yòò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá gbogbo wa pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu.

“Kí lẹ ń jẹ?” ó pariwo. “Ẹ wo aago! Kò tíì tó!”

Ariwo sọ. Aládùúgbò wa kan ní àkàrà lẹ́nu, kò mọ̀ bóyá kí òun gbé e mì ni tàbí kí òun tu ú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ohun tó bá ti kọjá eyín, kò ṣeé pè padà. Ìyàwó rẹ̀ ní kò tíì kọjá eyín, pé ó kàn ń jẹ ẹ́ lọ ni. Àwọn ọmọdé ti gbé àwo wọn sá lọ. Àwọn lékeléke ni wọ́n bí mi nínú jù. Wọ́n rí oòrùn, wọ́n dìde lórí igi, wọ́n sì padà sórí ẹrẹ̀ lọ jẹun wọn ní ìrọ̀rùn.

Àwọn ènìyàn wá ń wá ẹni tí wọn á di ẹ̀bi náà rù. Ojú wọn dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ta ló jókòó ti Bàbá?” aládùúgbò alákàrà bèèrè, ó ti wá gbé tirẹ̀ mì.

“Ìyàwó, ṣé ebi ló pa ọ́?” Akọ̀wé bi mí. “Ṣé o wá ń ti Bàbá ni? Mo ti ń sọ ọ́, ẹni tí kò gba ààwẹ̀ pé rí nílé bàbá ẹ̀!”

Ẹnì kan ní kí n gba ọjọ́ náà padà fún gbogbo ẹsẹ̀ ilé, ọjọ́ kan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ní ó yẹ kí wọ́n dá mi padà sí Ìkòròdú kí n lọ kọ́ ààwẹ̀ wá. Èsì wà lẹ́nu mi tó lè tú ọjà ká. Ṣùgbọ́n èsì tí mo bá fọ̀, ojú Bàbá ló máa tú síta, mo sì ti ṣèlérí. Mo wo ilẹ̀. Omi dà lójú mi, inú sì bí mi pé ó dà.

Bàbá dìde. Wọ́n di ẹ̀yìn àga mú.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” wọ́n ní. “Mi ò ríran mọ́. Láti ọdún tó kọjá mi ò rí lékeléke kan. Ìyàwó ló ń bá mi wò ó, kò sì purọ́ fún mi rí. Ó ní wọ́n wọlé, wọ́n sì wọlé. Èmi ni mo gbé ọwọ́ sókè. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ lójú kò rí wọn ni?”

Gbogbo ará ẹsẹ̀ ilé ló ti rí àwọn ẹyẹ náà. Ebi ló ń bá wọn wò ó. Ìyá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

“Bàbá,” wọ́n ní, “a mọ̀.”

“Ẹ mọ kí ni?”

“Pé ẹ ò ríran. Ta ló ń yí ẹja kọjú sí yín nínú àwo? Ta ló ní kí àwọn ọmọ má fi nǹkan sílẹ̀ lọ́nà ilé ìwẹ̀?”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀yin náà ò kúkú sọ fún wa.”

Mo rò pé ara máa tu Bàbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tì wọ́n, mo sì rí i bí ojú ṣe ń tì wọ́n. Gbogbo ọdún kan tí wọ́n fi ń dọ́gbọ́n, wọ́n ti ń dọ́gbọ́n níwájú àwọn tó mọ̀. Wọ́n tọ ògiri wọlé. Nígbà tí oòrùn wọ̀ lóòótọ́, tí Akọ̀wé sì fi aago rẹ̀ pe ìṣínu, mo gbé omi lọ bá wọn nínú yàrá, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, n kò mọ̀ bóyá kí n gbé àga jáde. Mo gbé e jáde. Akọ̀wé ti wà níbẹ̀, ó dúró bí ẹni tó jalè. Bàbá jáde pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n jókòó, wọ́n pe ọmọ wọn lórúkọ, èmi kò ní pè é.

“Ìwọ ni wàá máa pe ìṣínu láti òní lọ. Sún sọ́hùn-ún. Ariwo aago ẹ ń dí mi létí.”

Nígbà tí Akọ̀wé sì ní ó tó, gbogbo wọn kọ́kọ́ wo ọwọ́ Bàbá, bí ó ti mọ́ wọn lára. Ọwọ́ náà wà lórí orúnkún. Wọ́n wá mu omi wọn, wọ́n túká lọ jẹun. Bàbá mu tiwọn, wọn kò sì dìde.

“Kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Wọ́n ti wọlé, Bàbá.”

“Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ aago. Láti kékeré ni mo ti ń wò wọ́n, ẹnu ènìyàn ni mo sì ń wò wọ́n fún. Mi ò wò wọ́n rí nítorí tiwọn. Sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi.”

Mo gbìyànjú. Mo sọ fún wọn nípa èyí tó dààmú kó tó balẹ̀, tó já bọ́ lórí ẹ̀ka, tó sì ṣe bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ẹ. Mo sọ bí Ọ̀mùtí ṣe bá igi tó ti kún, tí wọ́n ń fi ẹnu ṣá a kiri láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí wọn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Ògì wa máa ń tutù, Ìyá sì máa ń bú àwa méjèèjì.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, òjò ti ń rọ̀ lóru dáadáa. Bàbá fara balẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó bi mí léèrè.

“Wo orí wọn. Ṣé ó ti ń pọ́n?”

N kò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi. Tí àkókò òjò bá fẹ́ wọlé, orí lékeléke máa ń pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á. Tí gbogbo wọn bá ti pọ́n lórí, wọ́n á kó lọ sí Òkè Ọya, a kò sì ní rí wọn mọ́ títí ọyẹ́ yóò fi dé. Bàbá sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn le mọ́ ọ̀pá. Mo ronú nípa àga yẹn létí omi, tí kò ní sí ẹyẹ kankan níwájú rẹ̀. Mo dìde, mo sún mọ́ omi, mo wo igi náà dáadáa. Ọ̀kan wà lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó yí orí rẹ̀ sí mi.

“Ọ̀kan ti pọ́n, Bàbá.”

Lẹ́yìn wa, Akọ̀wé ń pariwo pé oúnjẹ ti tutù.

“Ọ̀kan péré?”

“Ọ̀kan péré.”

“Ọ̀kan kì í ṣe gbogbo wọn,” Bàbá ní. “Padà wá jókòó.”